Bàbá Kò Sùn: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìpéǹpéjú Tó Wálẹ̀ àti Iṣẹ́ Abẹ Rẹ̀

Ẹni tó wà nínú ọkọ̀, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ojú wa.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Olóorun. Bí a bá pe ìpàdé ẹbí, a kì í tíì gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tán tí ìpéǹpéjú Bàbá á ti bo ojú dé ìdajì. Àwọn ìyàwó ilé á máa fi ìgúnpá gún ara wọn, àwọn ọmọdé á máa rẹ́rìn-ín sábẹ́ ọwọ́. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá wá dójú ẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni o, bóyá ti owó ìnáwó ni o, Bàbá á gbé àgbọ̀n sókè, á wá ka ohun tí oníkálukú ti sọ láti àárọ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìfo ẹnikẹ́ni. Bàbá kò sùn. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ló wálẹ̀.

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni, ó sì ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá là dáadáa, ọ̀rọ̀ tí kò sọ ni àwọn ènìyàn á máa kà níbẹ̀. Wọ́n á ní oorun ń kùn ún. Wọ́n á ní ó ti mutí. Wọ́n á ní kò ka ẹni sí, pé ìdajì ojú ló fi ń woni. Ọmọ ilé ìwé tí ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, tíṣà á ní ọ̀lẹ ni.

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí nìyẹn: ìpéǹpéjú òkè tó wúwo tàbí tó já wálẹ̀, àti oríṣiríṣi iṣẹ́ abẹ tí àwọn dókítà ojú fi ń tún un ṣe. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo máa sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ẹyọ kan yìí mú: kí a tó béèrè irú abẹ tí wọ́n máa ṣe fún wa, ká kọ́kọ́ béèrè ohun tó gbé ìpéǹpéjú wálẹ̀. Abẹ tó tún ojú ẹnì kan ṣe lè ba ti aládùúgbò rẹ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà díẹ̀. Ẹ mọ ìsọ̀ tí wọ́n ta tapólì síwájú rẹ̀ nítorí oòrùn àti òjò. Láàárọ̀, ìyá ọlọ́jà á fa okùn, tapólì á ká sókè, oníbàárà á rí ohun tó wà lórí àtẹ. Lọ́jọ́ kan, tapólì wálẹ̀, ó bo ọjà. Kí ló fà á? Ó lè jẹ́ pé aṣọ náà ti gbó, ó ti fẹ̀ sí i, ó wá ń ṣẹ́po. Ó lè jẹ́ pé aṣọ kò ṣe nǹkan kan, okùn ló yọ lórí èèkàn. Ó lè jẹ́ pé okùn so dáadáa, ẹni tó ń fà á ni kò lágbára. Ó lè jẹ́ pé igi òkè tí gbogbo rẹ̀ so rọ̀ sí ló tẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó yẹ kó fà á wà níbẹ̀, ara rẹ̀ le koko, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà márùn-ún nìyẹn, àtúnṣe wọn kò sì jọra. Ẹni tí okùn rẹ̀ yọ, tó wá mú àlùmọ́gàjí, tó gé tapólì kúrú, ẹ̀yin náà mọ ohun tó fi ara rẹ̀ ṣe.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìpéǹpéjú rí. Awọ rẹ̀ ni aṣọ, òun ló sì fẹ́lẹ́ jù nínú gbogbo awọ tó wà lára ènìyàn. Lábẹ́ awọ náà, iṣan gígùn kan wà tó ti inú ihò ojú lẹ́yìn lọ́hùn-ún wá. Òun ni ẹni tó ń fa okùn. Bí iṣan yìí ṣe ń bọ̀ níwájú, ó ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọ̀já fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì lẹ̀ mọ́ pátákó kékeré líle tó wà nínú ìpéǹpéjú. Ọ̀já yẹn ni okùn, pátákó yẹn ni èèkàn. Iṣan kékeré mìíràn tún wà lẹ́yìn rẹ̀, tí kì í gbé ìpéǹpéjú ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ. Òun ló ń bá wọn ṣiṣẹ́ nígbà tí nǹkan bà wá lẹ́rù tí ojú wa yọ ràngàndàn. Irun òkè ojú àti iṣan iwájú orí ni igi òkè. Ọpọlọ ló sì ń rán iṣẹ́ pé, "Ó yá, ẹ fà á."

Ẹni tí dígí wà nítòsí rẹ̀, kó mú un. Ẹ wo iwájú gbọọrọ, kí ẹ má gbé irun òkè ojú sókè. Lójú tó wà bó ṣe yẹ, etí ìpéǹpéjú òkè máa ń bo dúdú ojú díẹ̀, bíi mìlímítà 1 sí 2 lókè pátápátá. Bí etí yẹn bá ti sún mọ́ ọmọlójú, ìyẹn ihò dúdú kékeré tó wà láàárín, tàbí tó tiẹ̀ ti bò ó, okùn tàbí ẹni tó ń fà á ni ká fura sí. Ṣùgbọ́n bí etí ìpéǹpéjú bá wà láyè rẹ̀, tó jẹ́ pé awọ òkè ló pọ̀, tó ṣẹ́po, tó sùn lé irun ìpéǹpéjú, aṣọ ló pọ̀ jù. Ẹ wá fi ìka kan gbé irun òkè ojú sókè díẹ̀. Bí ìṣòro náà bá parẹ́, igi òkè ló tẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ní méjì nínú rẹ̀ pa pọ̀, àwọn mìíràn sì ní mẹ́ta.

Àmì mìíràn wà tí ènìyàn lè má mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìpéǹpéjú ló ti wá. Orí ń fọ́ ọ níwájú nírọ̀lẹ́, nítorí pé láti àárọ̀ ló ti ń fi iwájú orí gbé ojú sókè láìmọ̀. Ọrùn ń dùn ún nítorí pé ó ń gbé àgbọ̀n sókè kó tó lè ríran. Ìyá tó ń ránṣọ á ní òun ní láti fi ìka kan gbé ìpéǹpéjú kí òun tó lè ki okùn bọ abẹ́rẹ́. Awakọ̀ á ní òun kì í tètè rí iná ojú pópó tó wà lókè.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, rúlà kékeré àti tọ́ọ̀ṣì ni irin iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Á tan iná sí yín lójú, á wọn àlàfo tó wà láàárín ìmọ́lẹ̀ tó hàn lórí ọmọlójú àti etí ìpéǹpéjú òkè. Mìlímítà 4 sí 5 ló yẹ kó jẹ́. Lẹ́yìn náà, á fi àtàǹpàkò tẹ irun òkè ojú mọ́lẹ̀ kó má baà ran ìpéǹpéjú lọ́wọ́, á ní kí ẹ wo ìsàlẹ̀, kí ẹ tún wo òkè, á sì wọn bí ìpéǹpéjú ṣe rìn tó. Iṣan tó lágbára máa ń gbé e rin nǹkan bíi mìlímítà 15. Èyí tí kò lè kọjá mìlímítà 4, aláìlera ni. Ẹ má fojú kéré ìwọ̀n kejì yìí: òun gan-an ló máa ń sọ irú abẹ tó yẹ.

Wọ́n tún lè ní kí ẹ jókòó sídìí ẹ̀rọ tó ń wọn bí ojú ṣe ń rí ẹ̀gbẹ́ àti òkè. Wọ́n á kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá fi pílásítà lẹ ìpéǹpéjú sókè, wọ́n á tún un wọ̀n. Bí ìríran bá fẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kejì, ó dájú pé ìpéǹpéjú ló ń dí i. Bí kò bá yí padà, nǹkan mìíràn ló ń jẹ ojú náà, glọkọ́mà sì wà lára ohun tí dókítà máa wá, nítorí ó wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú, kì í sì í pariwo kó tó ba ojú jẹ́.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò rẹ̀, ẹ káàbọ̀. Ìpéǹpéjú tó wálẹ̀ là ń sọ, a sì ti fi í wé tapólì iwájú ìsọ̀. Ó wá kan àtúnṣe.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ ni ti aṣọ tó pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ní Bàgídádì, oníṣègùn ojú kan tó ń jẹ́ Ali ibn Isa kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì há awọ tó ṣẹ́po, tí wọ́n á so ó pinpin títí awọ náà á fi kú, tí á sì já bọ́. Ẹ fojú inú wo ìrora yẹn! Ní ọdún 1818, Karl Ferdinand von Graefe, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, lo orúkọ kan fún àtúnṣe ìpéǹpéjú, blepharoplasty, èyí tí àwọn dókítà ṣì ń pè é títí di òní.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nísinsìnyí kò le bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó dùbúlẹ̀, ìgbà tí ẹ ṣì jókòó, dókítà á fi bírò sàmì sí ìlà tí ìpéǹpéjú máa ń ṣẹ́ sí, á sì wọn awọ tí ó máa gé. Á fún yín ní abẹ́rẹ́ tí á mú kí ibẹ̀ kú tipiri. Á gé awọ tó pọ̀ jù, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọ̀rá díẹ̀ tó ti yọ síwájú, á sì fi okùn tín-ínrín rán an pa pọ̀ sínú ìlà yẹn, kí àpá lè fara pamọ́ nígbà tí ojú bá là. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni ohun tí wọ́n máa fi sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n máa gé. Àwọn oníṣẹ́ abẹ a máa ṣọ́ ọ kí awọ tó kù láàárín irun ìpéǹpéjú àti irun òkè ojú má dín sí nǹkan bíi mìlímítà 20. Aṣọ tí télọ̀ gé kù, a lè lọ ra òmíràn. Awọ ìpéǹpéjú kò sí lọ́jà.

Àtúnṣe kejì ni ti okùn tó yọ lórí èèkàn. Èyí ló wọ́pọ̀ jù láàárín àgbàlagbà tí ìpéǹpéjú wọn já. Ọjọ́ orí ló sábà máa ń fà á: ọ̀já náà á fẹ̀, á sì yọ kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́. Ó tún lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ inú ojú, tàbí lára ẹni tó ti ń fi lẹ́ǹsì sínú ojú fún ọ̀pọ̀ ọdún, tàbí ẹni tí ojú ń yún tó sì ń fi ọwọ́ ra á tagbáratagbára. Iṣan rẹ̀ lágbára, okùn ló jìn sí i. Dókítà á la ìlà ìpéǹpéjú, á wá ọ̀já náà kàn, á fà á wá síwájú, á sì rán an mọ́ pátákó rẹ̀ padà.

Nǹkan tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé wọn kì í sábà kun àgbàlagbà lóorun fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n fẹ́ kó wà lójúfò. Ní àárín iṣẹ́, dókítà á ní, "Ẹ lajú. Ẹ wo òkè. Ẹ wo èmi." Ó lè ní kí ẹ tiẹ̀ dìde jókòó kó lè wò ó bóyá ojú méjèèjì dọ́gba, nítorí pé ìpéǹpéjú ẹni tó dùbúlẹ̀ kì í jókòó bíi ti ẹni tó nàró. Bó bá ga jù, á tú u. Bó bá kéré jù, á fà á sí i.

Ọ̀nà mìíràn tún wà fún èyí tí kò wálẹ̀ púpọ̀: wọ́n lè gba inú ìpéǹpéjú wọlé, kí wọ́n gé díẹ̀ kúrò lára iṣan kékeré ẹ̀yìn tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì rán an. Kò ní fi àpá kankan sílẹ̀ lójú awọ. Àwọn dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, Putterman àti Urist, ló gbé irú rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jáde ní ọdún 1975. Kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n á kán oògùn kan sójú, wọ́n á sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí ìpéǹpéjú bá gbéra, ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà yìí bá a mu. Bí kò bá gbéra, wọ́n á sábà wá ọ̀nà míì.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dárúkọ oògùn tí wọ́n ń kán, ní ọdún 2020, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀kan tó ń gbé ìpéǹpéjú àgbàlagbà sókè fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́. Tí agbára rẹ̀ bá tán, ìpéǹpéjú á padà síbi tó wà. Ẹ jọ̀ọ́, òun kọ́ ni oògùn ojú pupa tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀, ẹ má sì fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Àtúnṣe kẹta ni ti ẹni tó ń fa okùn tí kò lágbára. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí i mọ́ ló sábà máa ń wà níbí. Iṣan náà kò dàgbà bó ṣe yẹ láti inú oyún. Kò sí èrè nínú fífa okùn tí aláìlera dì mú, nítorí náà dókítà á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn: iṣan iwájú orí. Á so ìpéǹpéjú mọ́ ọn pẹ̀lú ọ̀já tó gba abẹ́ awọ kọjá. Ọ̀já yẹn lè jẹ́ sílíkóònù, ó sì lè jẹ́ awọ líle tó bo ẹran itan, èyí tí wọ́n ń pè ní fascia lata, tí wọ́n á mú díẹ̀ lára itan ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ọdún 3 kí tirẹ̀ tó gùn tó láti lò. Látìgbà náà, bí ọmọ bá gbé iwájú orí sókè, ìpéǹpéjú á tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ fetí sí mi dáadáa. Ìríran ọmọdé dà bí èdè, kíkọ́ ni ọpọlọ ń kọ́ ọ, kíkọ́ náà sì máa ń tán ní nǹkan bí ọmọ ọdún 7 sí 8. Bí ìpéǹpéjú bá bo ọmọlójú ọmọ títí ìgbà yẹn fi kọjá, bí wọ́n bá wá gbé e sókè nígbà tó dàgbà, ojú á là, ṣùgbọ́n kò ní ríran dáadáa. Nítorí náà, ọmọ tó ń gbé àgbọ̀n sókè kó tó lè wo ìyá rẹ̀, tàbí tí ojú rẹ̀ kan kò hàn rárá, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú láti kékeré. Bí ọmọlójú bá hàn dáadáa, dókítà lè ní kí ẹ dúró di ìgbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, kí ẹ kàn máa gbé e wá fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n dókítà ni kó sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ará ilé tó ń wí pé bí ọmọ náà bá dàgbà, á fi sílẹ̀. Tìróò pẹ̀lú kò gbé ìpéǹpéjú sókè. Òjé sì wà nínú púpọ̀ nínú rẹ̀, májèlé ni fún ọmọ.

Àtúnṣe kẹrin ni ti igi òkè tó tẹ̀. Bí irun òkè ojú bá ti sọ̀ kalẹ̀, gígé awọ ìpéǹpéjú nìkan lè tún fa irun náà wálẹ̀ sí i. Dókítà lè gé awọ díẹ̀ lókè irun náà, kó sì rán an sókè. Ó lè gba inú ìlà iwájú orí tàbí ẹ̀bá irun orí. Ìyàtọ̀ wọn ni ibi tí àpá máa wà. Ẹ béèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀karùn-ún, níbi tí iṣẹ́ tí ọpọlọ rán kò ti dé. Níbí, abẹ kọ́ ló kàn. Bí ìpéǹpéjú bá ṣàdédé já, tí orí ń fọ́ni gan-an, tí ènìyàn ń rí nǹkan kan ní méjì, tí ọmọlójú ẹ̀gbẹ́ yẹn sì fẹ̀ ju ìkejì lọ, ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an ni. Ó lè jẹ́ òpó ẹ̀jẹ̀ kan nínú orí ló wú, tó ń tẹ ọ̀nà tí iṣẹ́ ọpọlọ ń gbà. Bí ọmọlójú ẹ̀gbẹ́ yẹn bá kéré sí ìkejì, pàápàá tí ọrùn ń dunni, ẹ má ṣe jáfara níbẹ̀ náà. Bí ejò bá bu àgbẹ̀ jẹ, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, oró ti wọ ara nìyẹn, èémí ló máa kàn; ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní oògùn oró ejò.

Èyí tó máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù ni èyí tó ń lọ tó ń bọ̀: láàárọ̀ ojú là, lálẹ́ ó ti wálẹ̀, lónìí ọ̀tún ni, lọ́la òsì ni. Wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é. Àìsàn kan tó ń jẹ́ myasthenia gravis lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ara ń gbógun ti ibi tí iṣẹ́ ọpọlọ ti ń bọ́ sọ́wọ́ iṣan. Dókítà lè gbé omi dídì lé ìpéǹpéjú fún ìṣẹ́jú 2. Bí ìpéǹpéjú bá gbéra, ìfura rẹ̀ á pọ̀ sí i. Oògùn ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá sáré gé irú ojú bẹ́ẹ̀, aṣọ ló gé, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán kò sì tíì dé.

Bí ẹ bá ti gbà láti ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ ka gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún dókítà: aspirin, oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, àgbo, áàyù tí ẹ ń jẹ lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dì. Ẹ má sì dá oògùn ọkàn dúró fúnra yín. Ẹ sọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ojú gbígbẹ, àti oògùn glọkọ́mà, nítorí àwọn kan nínú oògùn glọkọ́mà tí wọ́n ń kán lè jẹ́ ara ohun tó mú ìpéǹpéjú wálẹ̀. Àwọn tí ọgbẹ́ wọn máa ń di àpá tó wú tó sì le, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú. Ìpéǹpéjú kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí dókítà mọ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ojú á wú, á sì pọ́n. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ rì bọ omi tútù lé e fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ fi ìrọ̀rí gbé orí sókè sùn, ẹ máa fi ìpara tí wọ́n bá fún yín sí i. Wọ́n sábà máa ń tú okùn lẹ́yìn ọjọ́ 5 sí 7. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má ru ẹrù, ẹ má bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀, ẹ má dojú kọ èéfín igi. Ẹ má dọ̀bálẹ̀ o. Àwọn àgbà á dárí jì yín. Mùsùlùmí lè jókòó kírun, kó má fi iwájú orí kanlẹ̀ títí dókítà á fi yọ̀ǹda. Ó lè tó oṣù mẹ́ta kí ojú tó dé bí á ṣe wà gan-an.

Ewu kò ṣàì sí. Ojú kan lè ga ju ìkejì lọ. Ìpéǹpéjú tó wálẹ̀ lójú kan tún máa ń jẹ́ kí ọpọlọ rán agbára púpọ̀ sí ojú méjèèjì; bí wọ́n bá gbé ìyẹn sókè, ọpọlọ á dín agbára kù, ojú tí ẹ rò pé ó dára tẹ́lẹ̀ á wá já. Dókítà tó mọṣẹ́ á ti yẹ èyí wò ṣáájú. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ṣùgbọ́n tó burú jù ni kí ẹ̀jẹ̀ dà sẹ́yìn ẹyinjú. Bí ojú bá ń ro yín kíkankíkan lọ́jọ́ náà tàbí lóru rẹ̀, tó ń yọ síta, tí ìríran ń ṣú, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ padà sí ilé ìwòsàn kíá.

Ìyókù ni pé kí ojú má lè padé. Ẹ má gbàgbé pé iṣẹ́ méjì ni ìpéǹpéjú ń ṣe: ó ń là, ó sì ń padé. Bó bá ń là tí kò lè padé, ojú á gbẹ, á sì máa ta, eruku á wọ inú rẹ̀, ẹ̀gbò lè yọ sí dúdú ojú. Àwọn ọmọ tí wọ́n so ìpéǹpéjú wọn mọ́ iwájú orí máa ń la ojú díẹ̀ sùn; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún òbí ní ìpara alẹ́. Iṣẹ́ abẹ tí ó dára ni èyí tó dá iṣẹ́ méjèèjì padà fún ìpéǹpéjú.

Níbo la máa lọ? Ẹni tó ń ta gíláàsì lè kọ́kọ́ rí i, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló máa gé e. Ẹ wá dókítà ojú, kí ẹ sì béèrè ẹni tó kọ́ iṣẹ́ abẹ ìpéǹpéjú ní pàtàkì. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, Èkó, àti ilé ìwòsàn yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú. Ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba, NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, kì í sábà ṣe é nítorí ẹwà, ṣùgbọ́n bó bá ń dí ìríran yín, ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín. Níbi yòówù kó jẹ́, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ gbé lọ: Kí ló mú un wálẹ̀? Èwo nínú àtúnṣe wọ̀nyí ló bá a mu? Ojú mi á ṣì lè padé?

Bàbá tiẹ̀ ńkọ́? Okùn ló yọ lórí èèkàn, ní ojú méjèèjì, lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ inú ojú fún un. Wọ́n tún okùn so fún un. Ó wà lójúfò jálẹ̀, ó sì ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣàwàdà.

Lóṣù kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, a pe ìpàdé ẹbí. Bàbá wọlé, ojú rẹ̀ là kedere, àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n ti ń fi ìgúnpá gún ara wọn jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó di wákàtí kan, ó di méjì. A ṣàdédé gbọ́ ìró kan láti orí àga Bàbá. Ó ń han-an-run. Lọ́tẹ̀ yìí, ó sùn lóòótọ́. Mo rọra lọ wò ó. Ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì padé ṣinṣin, kò sí àlàfo kankan, mo sì sọ nínú ọkàn mi pé dókítà yẹn ṣiṣẹ́.

Kí ojú wa là nígbà tó yẹ kó là.